Jotham Pettengill, Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Sá

Ní ìlú wa, Wenlow, lórí àwọn òkè New Hampshire, bí ènìyàn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, a kì í pè é ní ọ̀lẹ. Ohun tí à ń sọ ni pé, "Ó ti ṣe Pettengill." Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi lọ́jọ́ tí mo ju àáké sílẹ̀ nídìí igi ìdáná tí mo sì lọ wẹ̀ lódò. Mo gbọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Mo gbọ́ ọ ní ilé ìlagi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún ó dín díẹ̀. Nígbà tó kàn mí, èmi náà sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tèmi, n kò sì ronú sí i rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lójú wa, àfi bí Àǹtí Lovina bá wà nítòsí. Nígbà náà ni kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

Lovina Pettengill nìkan ló kù nínú ìdílé náà ní Wenlow. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Kò lọ́kọ rí, kò sì bímọ, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé kíkà, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní àǹtí, àtẹni tó bá a tan àtẹni tí kò bá a tan.

Níwájú gbọ̀ngàn ìlú wa, òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn tó tẹ Wenlow dó sí lára. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gun òkè wá láti etí òkun ní oṣù Méè ọdún 1737, nígbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ igbó kìjikìji, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é ní tirẹ̀ láìfojú rí i. Orúkọ méje ló wà lórí òkúta. Ẹnì kẹjọ ni Jotham Pettengill.

Nígbà òtútù tó kọjá, omi wọ inú ihò kan lára òkúta náà, ó dì síbẹ̀, ó sì là á sí méjì gbọnrangandan bí ẹni fi àáké là á. Wọ́n ní a ó gbẹ́ tuntun. Àwọn orúkọ tí yóò wà lórí rẹ̀, ìpàdé ìlú ni yóò fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù Máàṣì, bí a ti ń ṣe gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìlú. Orúkọ méje náà ni wọ́n tún lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ tí Àǹtí Lovina fi ránṣẹ́ pè mí.

"Wọlé, Orrin. Má bọ́ bàtà, ilẹ̀ inú ilé tutù ju ti ìta lọ."

Mo jókòó nídìí ààrò onírin rẹ̀. Ó bu kọfí fún mi, kọfí tó dúdú bí ọ̀dà. Kò jẹ́ kí n mu ún dé ìdajì.

"Mo fẹ́ kí Jotham wà lórí òkúta yẹn kí n tó kú."

"Àǹtí, ẹ ò tíì fẹ́ kú."

"Dákẹ́ ìyẹn. Mo bi dókítà, ó ń wo ògiri kó tó dá mi lóhùn. Ìwọ lo wà nínú ẹgbẹ́ ìtàn ìlú, ìwọ lo ní ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, àti pé láti ìgbà tí Elva ti kú, o ò ní ohun tí ò ń ṣe ju kó o máa rìn káàkiri bí ajá tí wọ́n gbàgbé sí ọjà lọ."

Elva ni ìyàwó mi. Irọ́ kọ́ lọ́rọ̀ tó sọ, mo kàn gbé kọfí mi mì ni.

"Bó bá jẹ́ pé ó sá lóòótọ́ ńkọ́, Àǹtí?"

Ó wo ojú mi. Ojú tó fi ń wò wá nígbà tí a bá ṣi ìṣirò ṣe ni.

"Bó bá sá, kí n mọ̀ pé ó sá. Ọgọ́rin ọdún ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọn ò mọ̀. Kí ẹnì kan tiẹ̀ lọ wò ó."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń kà nílé ẹ̀kọ́ fún yín. Nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́ yẹn, òtútù já lójijì, ó pa àgbàdo lórí ìdúró. Ní Sẹ̀tẹ́ḿbà, igi tí Nathaniel Gage ń gé wó lù ú, ó sì pa á, ó fi ìyàwó kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Mehitable, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin kan, àti oyún inú. Nígbà tó di Òkítóbà, Kápútẹ́nì Eliphalet Sprague, olórí wọn, rí i pé oúnjẹ tó wà nílẹ̀ kò lè bọ́ gbogbo wọn dé ìgbà tí òjò dídì yóò yọ́. Ó ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ padà sí etí òkun. Opó yìí kò lè rìn. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, ogójì máìlì igbó sì wà láàárín wọn àti ilé tó súnmọ́ jù. Jotham Pettengill, tí kò níyàwó, ní òun yóò dúró tì í. Wọ́n kó àgbàdo tó ṣẹ́kù jọ sí ilé opó náà, wọ́n sì lọ.

Ní oṣù Méè tó tẹ̀lé e, wọ́n padà dé. Ìwé ìlú ṣì wà lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ Kápútẹ́nì náà sì wà nínú rẹ̀: "A dé, a sì bá ilé opó Gage ní eérú. A kò bá ẹ̀mí kankan. Pettengill, tó ṣèlérí láti dúró, ti sá. Kí Ọlọ́run dá a lẹ́jọ́."

Tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wá sí Wenlow nígbà tó yá, ó dáko, ó bímọ, ìdílé náà sì gbé orúkọ yẹn lórí fún igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wendell Sprague ló ń tọ́jú àwọn ìwé ìlú, nínú yàrá ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Ẹ ti gbọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀. Àtọmọdọ́mọ Kápútẹ́nì ni. Ẹgbẹ́ ni wá, àga kan náà la jọ jókòó lé nígbà tí a wà lọ́mọdé. Kò sẹ́ni tó mọ ìtàn Wenlow tó o, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé bẹ́ẹ̀.

"Pettengill!" Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi yẹ̀. "Orrin, ṣé o ò níṣẹ́ ni? Oje igi mepu tí à ń sè di ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í sun láìpẹ́, o ò tíì fọ garawa kan."

"Garawa mi mọ́ ju ọrùn rẹ lọ. Ṣí àpótí rẹ."

"Ìyá yẹn ló rán ọ."

"Ìyá yẹn ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú pẹ́ńsùlù."

Ó lọ sídìí àwọn dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó wá páálí kékeré kan, ó gbé e lé iwájú mi bí ẹni tó ń ṣe mí lóore.

"Mo ti wá a ná, kó o má baà rò pé mi ò wá a. Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni mo lọ sí Marlby, nísàlẹ̀ odò, mo yẹ ìwé ìsìnkú ìjọ wọn wò. Pettengill kan wà níbẹ̀. Kà á."

Ọwọ́ Wendell fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: *9 Fẹ́búárì 1737. Jotham Pettengill, àlejò, láti òkè odò.*

"Wendell, òun nìyí!"

"Òun kọ́. Ìgbà wo làwọn èèyàn wa dé Wenlow?"

"Méè."

"Méè ọdún wo?"

"1737."

"Fẹ́búárì sì ń ṣáájú Méè, àfi bí wọ́n bá ti yí i padà ní ilé ìlagi. Ọkùnrin yìí ti wà nínú ilẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí tiwa tó gé igi àkọ́kọ́ lulẹ̀. Jotham mìíràn ni. Jotham pọ̀ nígbà yẹn bí eṣinṣin." Ó gba páálí rẹ̀ padà. "Má binú. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, èmi náà ì bá ti sọ ọ́."

Mo gbà á gbọ́. N kò rí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kú kó tó dé ibi tó ti sá. Mo wakọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Lovina pẹ̀lú ara tó wúwo, mo ro ohun tí Wendell wí fún un bó ṣe wí i. Ó ń gbọ́, ó ń fi ọ̀pá tún iná ààrò ṣe.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ rí ìwé Marlby náà?"

"Páálí Wendell ni mo rí, Àǹtí."

"Mo mọ bí Wendell ṣe máa ń kàwé láti kékeré. Ìlà tó bá ń wá nìkan ló ń kà, á sì pa ìwé dé. Lọ gbé ọkọ̀ rẹ sínú òòrùn kí ó gbóná. A ń lọ sí Marlby lọ́la."

"Lójú ọ̀nà tó ń yọ̀ yìí?"

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ wà á ni?"

Ní ọjọ́ kejì, a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá odò Pequasset. Ọ̀nà ọ̀dà, tí wọ́n fọ́ àpáta kí wọ́n tó là á, ń bá odò náà lọ láti Wenlow títí dé Marlby, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Odò ti dì láti bèbè dé bèbè, funfun gbòò, àfi níbi mẹ́ta tí omi ti ń já láti orí àpáta. Omi kì í dì níbẹ̀ láéláé; ó ń hó, ó ń ta dúdú láàárín yìnyín. Àǹtí Lovina fi aṣọ irun àgùntàn wé orúnkún rẹ̀, ó ń wo odò.

Akọ̀wé ìjọ Marlby ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Bertha Noyes, tó rí gbọọrọ bí igi fìtílà.

"Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé. Pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ̀yin náà, ìyá."

"Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn," ni Àǹtí Lovina wí, ṣùgbọ́n ó fọ̀ ọ́.

Ìwé náà kò tóbi. Awọ ẹran ni wọ́n fi bò ó, ó ti dúdú, ó sì ń rùn bí abẹ́ àjà. Ìsìnkú wà lẹ́yìn, ìrìbọmi àti àwọn nǹkan mìíràn wà níwájú. Bertha ṣí ẹ̀yìn fún wa, ó fi ìka tọ́ka. Ó wà níbẹ̀ bí Wendell ti wí, kò fi lẹ́tà kan kún un: Jotham Pettengill, àlejò, láti òkè odò. 9 Fẹ́búárì 1737.

Mo ń wo ojú Àǹtí Lovina. Mo rò pé yóò ní ká máa lọ. Ó fa àga súnmọ́ tábìlì.

"Ẹ ṣí i láti iwájú fún mi, ọmọ mi. Mo fẹ́ ka gbogbo ọdún yẹn."

Ó ń kà á bó ṣe ń ka ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wa láyé àtijọ́, pẹ̀lú ìka lábẹ́ ìlà, ètè rẹ̀ ń mì. Àwọn ọmọ tí wọ́n rì bọmi. Àwọn tí wọ́n gbà sínú ìjọ. Ọkùnrin kan tí wọ́n bá wí nítorí ó sùn nínú ìwàásù. "Àlùfáà yìí ń kọ̀wé bí adìyẹ ṣe ń tan ilẹ̀," ni ó wí. Ó ṣí ewé kan. Ó tún ṣí òmíràn. Ó dúró.

"Orrin, kà á sókè. Láti ibí."

Mo kà á. "Nòfẹ́ḿbà 1737. Dìsẹ́ḿbà 1737. Jánúárì 1737—"

"Kí ló dé?"

"Ó ṣì í kọ, Àǹtí. Lẹ́yìn Dìsẹ́ḿbà, ó yẹ kó kọ 1738. Bóyá òtútù mú ọwọ́ rẹ̀."

"Máa lọ."

"Fẹ́búárì 1737. Máàṣì 1737." Mo ṣí ewé. Níbẹ̀, láàárín oṣù Máàṣì gan-an, ó fa ìlà gbọọrọ kan, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀: "Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Níhìn-ín ni 1738 bẹ̀rẹ̀."

Mo wo Bertha Noyes.

"Áà, ìyẹn?" ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ibi tí ṣíbí wà. "Gbogbo ìwé náà ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, oṣù Máàṣì lọdún wọn ń yí, ọjọ́ tí áńgẹ́lì tọ Màríà wá. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn kí wọ́n tó gbé e wá sí Jánúárì. Gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwé wa ló máa ń kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe yẹn. Ṣé ọ̀gbẹ́ni Sprague tó wá nígbà kan kò béèrè ni?"

Kò béèrè. Kò jẹ́ béèrè láé.

Àǹtí Lovina ti ń ka oṣù lórí ìka rẹ̀. "Méè 1737, wọ́n dé. Òkítóbà 1737, wọ́n lọ. Dìsẹ́ḿbà. Jánúárì. Fẹ́búárì." Ìka rẹ̀ dúró lórí Fẹ́búárì. "Lẹ́yìn ni. Lẹ́yìn ló wà, Orrin. Kì í ṣe ṣáájú."

Bí ẹni pé ẹnì kan lu agogo nínú orí mi ló rí. Jotham wa ni. Ṣùgbọ́n nígbà náà gan-an ni ọkàn mi tún rì, nítorí mo ronú pé: ó dé Marlby láàyè. Ó sá lóòótọ́, nìyẹn. Ó fi obìnrin náà sílẹ̀, ó sì dé ibi tí èèyàn wà. Mo rí i lójú Àǹtí Lovina pé òun náà ti ronú débẹ̀ ṣáájú mi. Ó ṣí ìwé padà sí Jánúárì. Ó kà á lọ sílẹ̀, ìlà kan, ìlà kejì. Ó wá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nà án sí mi, bí ẹni pé gíláàsì náà ni kò ríran mọ́.

"Bá mi kà á," ni ó wí.

Èyí ni ohun tí mo kà:

"29 Jánúárì 1737. Mo ri Thankful bọmi, ọmọ opó Nathaniel Gage, tí a bí ní Wenlow ní òkè odò ní ọjọ́ kẹfà oṣù Dìsẹ́ḿbà tó kọjá. Ilé wọn gbiná láti inú ihò èéfín ààrò ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, gbogbo àgbàdo wọn sì jóná mọ́ ọn. Pettengill, tó ti wà pẹ̀lú wọn láti ìgbà tí àwọn yòókù ti lọ, gbé ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sórí pákó tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fi ń wọ́ ẹrù lórí òjò dídì, ó so okùn mọ́ àyà ara rẹ̀, ó sì wọ́ wọn wá síhìn-ín. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ó fi wọ́ wọn. Ó fi aṣọ ìlékè rẹ̀ wé àwọn ọmọ. Obìnrin náà àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Ẹsẹ̀ Pettengill fúnra rẹ̀ méjèèjì ti kú dé kókósẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ gbé e wọlé, ó ní kí a kọ́kọ́ wo ọmọ náà bóyá ó ń mí."

Mo ti fi nǹkan bí ogójì ọdún fa gẹdú fún ilé ìlagi nínú igbó òtútù. Mo mọ ohun tí òjò dídì ń ṣe fún orúnkún ènìyàn láàárín máìlì kan. Mo kà á tán, n kò sì lè gbé ojú sókè. Ogójì máìlì. Ìyá kan, ọmọ méjì, òun náà láìsí aṣọ ìlékè lọ́rùn. Bertha Noyes, tó ti ń tọ́jú ìwé yẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún, ti jókòó sílẹ̀ láìmọ̀ pé òun jókòó.

"Ó ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà," ni ó ń wí. "Ó ti wà níbẹ̀."

Àǹtí Lovina kò sunkún. Ó fi ọwọ́ rẹ̀, tó ti fi ọṣẹ fọ̀, bo ìlà náà, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

A béèrè ibi tí Mehitable Gage lọ lẹ́yìn náà. Ìwé náà sọ pé ó fẹ́ agbẹ́kọ̀ ojú omi kan nínú ọdún yẹn, wọ́n sì kó lọ sí etí òkun. Kò padà gun òkè mọ́. Bóyá Kápútẹ́nì Sprague gbọ́ tàbí kò gbọ́, ìwé ìlú wa kò sọ. Ohun tó kọ ló wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀dà ewé náà lọ fún Wendell. Àǹtí Lovina ní òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ó sì gbé agbọ̀n dónọ́ọ̀tì kan dání. Wendell ka ewé náà lórí ìdúró. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ yọ páálí kékeré rẹ̀ jáde, ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Etí rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Mo mọ̀ nípa ọdún tó ń yí ní Máàṣì," ni ó wí. "Orrin, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ìwé sí ìwé ìròyìn nípa rẹ̀ rí. Mo wulẹ̀..." Ó fi ìka kan páálí náà. "Mo rí ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì pa ìwé dé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí Lovina wí.

"Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, Àǹtí. Bàbá yín ṣì wà láàyè nígbà yẹn."

Èmi rò pé yóò bú u. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó wò ó títí, ó wá ti agbọ̀n náà sí i.

"Jẹ dónọ́ọ̀tì, Wendell. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ ohun tí wàá ṣe fún mi."

Ọjọ́ ìpàdé ìlú pé. Gbọ̀ngàn kún; bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, òórùn ẹ̀wà inú ààrò àti búrẹ́dì dúdú ń bọ̀ láti ibi tí àwọn obìnrin ìjọ ti ń se oúnjẹ ọ̀sán. A jà fún wákàtí méjì lórí afárá. A jà lórí ajá tí kò ní okùn lọ́rùn. Clayton Hoag, tó jẹ́ alága ìpàdé wa láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, wá fi òòlù igi kan tábìlì.

"Ọ̀rọ̀ kẹwàá. Àwọn orúkọ orí òkúta. Ta ló ní nǹkan sọ?"

Wendell dìde. Ẹnì kan lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, nítorí bí Wendell bá dìde, kì í tètè jókòó. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ gbé oúnjẹ wá síbí o." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó kọ́kọ́ ka ohun tí Kápútẹ́nì, bàbá ńlá rẹ̀, kọ. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n sórí. Lẹ́yìn náà, ó sọ bí ọdún ṣe ń yí nígbà yẹn, ó sọ ọ́ ní ṣókí, n kò gbọ́ kí Wendell sọ nǹkan ní ṣókí rí. Ó sọ pé òun rí orúkọ náà ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, òun kò sì ka ewé tó kù. Ó wá ka ọ̀rọ̀ àlùfáà Marlby. Nígbà tó dé ibi tí Jotham ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọmọ náà, ó dúró, ó sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà.

"Mo dá a lábàá," ni ó wí, "kí orúkọ Jotham Pettengill wà lókè, ṣáájú ti àwọn èèyàn mi." Ó jókòó.

Clayton Hoag ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbọ̀ngàn náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn kan tó wúwo. Ó béèrè àwọn tó lòdì. Ẹ lè gbọ́ bí òjò dídì ṣe ń yọ́ kán láti orí òrùlé.

"A ti fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kọkànlá," ni Clayton wí. "Ọkọ̀ tuntun tí a ó fi máa kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà. Ruel?"

Ruel Varney ló ń tọ́jú ọ̀nà ìlú. Ó ti fi oṣù mẹ́fà múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọkànlá yìí. Ó dìde pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ó wò ó, ó sì ká a.

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan," ni ó wí. "Ibi mẹ́ta tí omi ti ń já lórí odò yẹn. Kì í dì. Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, àpáta wà lápá òsì. Báwo ni Jotham ṣe gbé pákó kọjá?"

"Kò gbé e kọjá bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin kan láti ilé ìlagi wí. "Á gba inú igbó."

"Inú igbó wo? Ibẹ̀ ga bí ògiri! Mo ti bá àgbọ̀nrín débẹ̀ rí, àgbọ̀nrín gan-an yí padà."

"Á ní láti tú wọn sílẹ̀, kó máa gbé wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú?"

"Nígbà yẹn kò tíì kú pátá."

"Ní ibi kẹta, ó ti kú."

Clayton kan tábìlì, kò kàn án kíkankíkan. Kò sẹ́ni tó wò ó. Obìnrin kan tó gbé ọmọ dání lẹ́yìn gbọ̀ngàn sọ pé, "Bó bá gbé ìyá lọ, ta ló dúró ti ọmọ ọdún mẹ́rin?"

Àǹtí Lovina ni kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó fi ọwọ́ mú ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá ni yóò kọ́kọ́ gbé, ọmọ jòjòló láyà rẹ̀," ni ó wí. "Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin á dúró ti pákó. Ìyá á máa kọrin sí i láti ìsàlẹ̀, kó lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ó fi máa padà wá gbé e."

"Ṣé ìwé sọ bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí?" ni Ruel béèrè.

"Ìwé kò sọ ọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀nà mìíràn, kó sọ."

A wá a. Igba ènìyàn tí wọ́n bí sínú òjò dídì, tí wọ́n ti fa igi, tí wọ́n ti fa màlúù, tí wọ́n ti fa ara wọn jáde nínú rẹ̀, gbogbo wa jókòó, a ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí omi ti ń já náà nínú ọkàn wa, ẹrù lẹ́yìn, tí a sì ń padà gòkè wá gbé òmíràn. Ẹ̀wà ń tutù lọ. Ruel Varney ṣì wà lórí ìdúró, ìwé ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ká lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mi orí.

"Rárá," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Kò sí ọ̀nà mìíràn."